Ọdún tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Kú ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, obìnrin mọ́kànlá ló kú nínú agbo ilé wa ní Ọ̀kà, a kò sì gbẹ́ sàréè kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Inú ìwé ni wọ́n ti kú. Bùọ́dá Tísà, àbúrò bàbá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkàrẹ́, ló ń kó wọn bọ̀ wálé nínú báàgì aláwọ rẹ̀ bí ẹni ń kó ẹran ìgbẹ́ bọ̀ láti oko. Bí oòrùn bá ti ń sá lọ sẹ́yìn àpáta, tí ìró odó bá rọlẹ̀ nílé kan tó tún gbéra nílé kejì, Bùọ́dá á gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn, á ṣí ìwé eré oníbànújẹ́ àwọn ará ìlú Òyìnbó, á sì máa kà á sókè. Ó ní òun ń pèsè iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ̀ pé ohùn ara rẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni àgbàlá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn ọkùnrin ni wọ́n kọ sára ògiri. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí, igbá ẹ̀gúsí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyá mi lápá ọ̀tún, Ìyàwó Kékeré lápá òsì. Ìyàwó Kékeré ni wọ́n gbé wọlé kẹ́yìn nínú àwọn ìyàwó ilé wa, ọmọ Ìkun ni, ẹ̀rín sì máa ń pa á débi pé ẹ̀gúsí tó ti bó tán á dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bùọ́dá á ka ojú ewé kan, á tú u sí Yorùbá ilé-ìwé, irú èyí tó wà nínú Bíbélì. Ìyá Àgbà á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ọ̀kà fún àwọn tó kù. Kí ọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé etí ìyá mi, ó ti di ọ̀lẹ tí kò lè dá ebè kan kọ. Obìnrin tí Bùọ́dá ní ó rẹwà, ó ṣẹlẹgẹ́ bí òdòdó, ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún wọn ni pé, "Ó jọ pé kò jẹun kánú."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kú lójú wa. Ọ̀kan mu májèlé. Ọ̀kan ya wèrè, ó ń kọrin kiri. Ọ̀kan fẹ́ ẹni tó wù ú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ní kí wọ́n lọ pa á. Bí ọ̀kan bá ti mí èémí ìkẹyìn, Ìyàwó Kékeré á ju hóró ẹ̀gúsí kan sínú ife onítánganran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi ojú tí kò ní ẹ̀rín wo Bùọ́dá, á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Bùọ́dá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá Àgbà ni kì í jẹ́ kí ó kọjá sí ojú ewé tó kàn.

"Tísà, ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú ìwé, Màámi."

"Àwọn ìyàwó ilé ńkọ́?"

"Òun nìkan ni ìyàwó."

"Nínú ilé tí o ní yàrá rẹ̀ kò lóǹkà yẹn? Alárinà tó so wọ́n pọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí alárinà, Màámi. Ìfẹ́ ni."

"Àbájọ," ni Ìyá Àgbà á wí, á sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Èmi náà padà di tísà. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irú eré wọ̀nyẹn títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ka èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lé wọn lórí. Wọ́n á ní àléébù kan wà lára obìnrin náà: ó gba ènìyàn gbọ́ jù, tàbí ó jẹ́ onítìjú jù, tàbí ojúkòkòrò oyè ló tì í. Èyí tó bá lágbára díẹ̀ nínú wọn, òǹkọ̀wé á yára sọ ọ́ di ìkà, á wá fi àìsùn dá a lóró. N kò parọ́ mọ́ àwọn eré náà o, ọ̀rọ̀ inú wọn dùn, ó ń dùn mí lẹ́nu títí di òní tí mo ti di arúgbó. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀mọ̀wé kan nínú wọn tó bèèrè bí obìnrin ṣe lè máa jìyà nínú ilé olódi, tí iná ń jó, tí ìránṣẹ́ ń wọlé tó ń jáde, kí ó má sì sí obìnrin àgbà kan tó máa yọjú láti bèèrè pé, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí lẹ̀ ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" Ní ilé tiwa, bí ọkọ bá gbé ohùn sókè sí ìyàwó rẹ̀ nígbà méjì, kí ó tó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ìyàwó ilé á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tàwọn ti ẹ̀gúsí wọn, wọn kò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa bó o. Mo ti rí ọkùnrin tó gba ojú fèrèsé jáde nítorí ẹ̀gúsí.

Ní ìparí ọdún yẹn ni Bùọ́dá wálé tó ní pírínsípà òun fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ọ̀kan nínú eré náà lójú alábẹ̀wò tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ọba kan wà, olùdámọ̀ràn rẹ̀ parọ́ mọ́ ìyàwó rẹ̀ pé ó ń bá àbúrò ọba dìtẹ̀. Ọba kò wádìí. Ó gbé ife májèlé fún un níwájú gbogbo ààfin, ní kí ó mu ún. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó súre fún ọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n ti jọ lò, ó mu ún, ó kú. Lẹ́yìn náà ni ọba wá mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì sunkún pẹ́ pẹ́ pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkún rẹ̀ gùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un ní májèlé," ni ìyá mi sọ, ó ń wo Ìyàwó Kékeré.

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni," ni Ìyàwó Kékeré dáhùn.

Bùọ́dá ní, "Màámi, Àjọkẹ́ ni wọ́n mú pé kó ṣe ìyàwó ọba."

Àjọkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ Bùọ́dá ló ń lọ, òun ló ń gún iyán ilé wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń dán lẹ́nu rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní kíláàsì rẹ̀. Ọmọ kẹta lóbìnrin ni. Kò sí aṣọ tó wọ̀ rí tí ẹlòmíràn kò ti wọ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sí ìwé tó kà tí orúkọ ẹlòmíràn kò sí lójú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí Bùọ́dá dárúkọ rẹ̀, mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì nu ara wọn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé nǹkan tuntun fún. Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè nínú àwo iyán rẹ̀.

"Ta ló máa kú?"

"Eré ni, Màámi."

"Mo ní ta ló máa kú, Tísà."

"Àjọkẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú gidi—"

"Kò ní kú. Ẹ jẹ́ kí n jẹ iyán mi."

Ó parí. Ilé wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Àgbà sì ni ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tó dàgbà jù, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a kì í fi dán Ọlọ́run wò, ikú sì wà lára rẹ̀. Àjọkẹ́ kò bẹ̀bẹ̀, kò sì sunkún. Ohun tó ṣe ni pé ní ọjọ́ kejì, iyán ní kókó. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún ní kókó, ńlá báyìí, bí ẹyin awó. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará Àkókó lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Bí iyán bá ní kókó lẹ́ẹ̀kan, iṣu ni a ó bá wí. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì láti ọwọ́ ọmọ tí iyán rẹ̀ ń dán bí àwo, a jẹ́ pé ẹjọ́ ń bẹ nílẹ̀. Bàbá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin, fi ìka yọ kókó kan, ó gbé e sétí àwo, ó wo ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pe Bùọ́dá.

Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Kí ó kú ní ìjókòó. Bùọ́dá ní ìyàwó ọba kì í kú ní ìjókòó. Ìyá Àgbà ní, "Ìyá tó bí mi, orí àpótí ló kú sí, iṣu sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ìyàwó ọba tìrẹ sàn ju ìyá mi lọ ni?" Bùọ́dá dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò mọ̀ pé ìdajì àdéhùn lòún gbọ́. Nígbà tí bàtà rẹ̀ kò dún mọ́, Ìyá Àgbà fa èmi àti Àjọkẹ́ wọ yàrá.

"Ẹni tí a bá pè tí kò dáhùn, òun là ń pè ní òkú," ló wí. "Bí ènìyàn bá dákú nílé yìí, orúkọ rẹ̀ là á máa pè títí yóò fi dáhùn. Àjọkẹ́, bí o bá ti kú tán, Mojí àbúrò rẹ yìí á pè ọ́. Wàá dáhùn. Ìpè mẹ́ta ni. Bí ó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta tí o kò dáhùn, èmi fúnra mi ni n óò gun ibẹ̀ wá mú ọ, kò sì sí ọmọ ilé yìí tó máa ṣeré mọ́ níbì kankan."

"Níwájú àwọn èèyàn, Ìyá Àgbà?"

"Ṣé ẹ̀yìn wọn lo ti máa kú ni?"

Báyìí ni mo ṣe di òṣèré tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé eré. Àjọkẹ́ ti rí ọgbọ́n tó máa dá sí i kí a tó jáde nínú yàrá. Ó ní kí n pè é jẹ́jẹ́, òun náà á dáhùn jẹ́jẹ́, etí Ìyá Àgbà á gbọ́, etí alábẹ̀wò kò ní gbọ́. Ó fi ẹran ọ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ méjì ṣe àdéhùn fún mi. Gbogbo ìgbà tí a bá ń lọ pọn omi nísàlẹ̀ àpáta, a ó máa dán an wò: á dúró bí igi pẹ̀lú ìkòkò lórí, èmi á pè é lábẹ́ ẹ̀mí, òun á sì ní "ẹ̀ẹ́n" láì mi ètè. Ó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa fi wo igbó lápá ọ̀tún, ó wo lápá òsì, ó sì yára kọjá.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ ṣeré náà. Bọ́lẹ̀kájà kan ló kó wa, a gba Àkùngbá kọjá, Àkùngbá tí kò tíì mọ̀ nígbà náà pé akẹ́kọ̀ọ́ máa kún òun bí eéṣú. Nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkàrẹ́, Ìyá Àgbà lọ jókòó sórí àga iwájú tí wọ́n tò fún àwọn àlejò pàtàkì. Pírínsípà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló wá jókòó tì í, ọkùnrin onísúùtù kan tó ní ojú líle. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà ti bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Èmi wà lẹ́yìn ìtẹ́ ìyàwó ọba, lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi aṣọ bò. Ihò kan wà lára aṣọ náà tí mo fi ń rí ìdajì gbogbo nǹkan. Ọba ni ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Rápò, aṣọ fèrèsé pírínsípà ló fi ṣe ẹ̀wù oyè. Olùdámọ̀ràn jẹ́ ọmọ Ìṣùà, òwú ni irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń wọ inú imú rẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọkẹ́ gba ife, tó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún ọba, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn rẹ̀. Ohùn tí mo mọ̀ fún "lọ gbá ilẹ̀" àti "ta ló jẹ iṣu mi" ti yí padà. N kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, síbẹ̀ mo fi ojú lẹ ihò náà pinpin. Ó mu ún. Ó jókòó. Orí rẹ̀ sùn sí èjìká, ife já bọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan fa ikun, ẹlòmíràn fà á, ó sì di ẹkún káàkiri.

Mo pè é. "Àjọkẹ́." Jẹ́jẹ́, bí a ṣe kọ́ ọ.

Kò dáhùn.

Mo ní bóyá kò gbọ́ ni. Mo yọ orí súnmọ́ ọn, mo tún pè é. Láti ibi tí mo wà, mo rí etí rẹ̀, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Láti ojú ihò, mo rí Ìyá Àgbà tó gbé ẹ̀pà rẹ̀ fún alábẹ̀wò pé kó bá òun mú un dání, tó sì dìde. Ọba ti ń sunkún tirẹ̀ tó gùn. Ìgbà náà ni ọkàn mi fò lọ. N kò rántí eré mọ́, n kò rántí ẹran ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó wà lórí mi ni pé a ti pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dáhùn. Mo ta jáde lábẹ́ tábìlì, mo fi gbogbo ọ̀fun mi pè é, "Àjọkẹ́ o, Àjọkẹ́, dá mi lóhùn, èmi Mojí ni."

"Ẹ̀ẹ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì la ojú. "Mo wà níbí."

Rápò ọba ló sún mọ́ ọn jù. Ó fò sókè, adé yí gbirigbiri lọ sọ́dọ̀ alábẹ̀wò, ó sì ké ní Yorùbá pé, "Tísà, kò tíì kú o." Gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn tó ń sunkún kò rí àyè nu ojú. Ìyá Àgbà ti padà jókòó, ó gba ẹ̀pà rẹ̀. Láti ẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn Ìyàwó Kékeré tó ga ju ti gbogbo èèyàn lọ: "Àjọkẹ́, o ṣáà ti jí. Bi í léèrè ọ̀rọ̀ yẹn."

Àjọkẹ́ dúró níbẹ̀, ó wo ọba. Mo rò pé ó fẹ́ sá. Ó fa aṣọ rẹ̀ gún, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo ṣe é?"

Rápò kò ní ìdáhùn nínú ìwé. Ó na ìka sí olùdámọ̀ràn. Gbogbo gbọ̀ngàn yí ojú sí ọmọ Ìṣùà, ìyá mi àti Ìyàwó Kékeré sì ti ń bọ̀ láàárín àga, wọn kò sáré, wọ́n kàn ń bọ̀. Ọmọ náà já irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá," ló wí, "bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á. Tísà ló ní kí n sọ ọ́." Ìgbà náà ni Bùọ́dá fa okùn kọ́tìnì, okùn há, ó sì tún fà á, ó ń fà á títí a fi jáde.

Bùọ́dá bá wa padà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà, ló jókòó sí. Nínú ẹ̀yìn ọkọ̀, Ìyàwó Kékeré ń sín Rápò jẹ, ó ń fò sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ títí ìyá mi fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mí. Àjọkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú rẹ̀ láì sí ariwo.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Àgbà bi í. "O dáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n o dáhùn."

"Mo gbọ́ ìpè àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà."

Ọkọ̀ gbá kòtò kan, gbogbo wa fò sókè, a padà bọ́ sílẹ̀. 

"Mo gbọ́ ìkejì pẹ̀lú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n ń sunkún nítorí mi. Gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó sunkún nítorí mi rí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ lérán. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ̀ báyìí pé ibẹ̀ ló ti rí ohun tí àwọn ìwé Bùọ́dá fi ń mú obìnrin wọn. Wọn kì í yìn ín nígbà tó bá ń mí. Bí ó bá ti kú tán ni ọba á wá rí i pé wúrà ni, tí àwọn òṣèré á sì bọ́ fìlà. Bí oyin ni ẹkún yẹn ń rí létí ẹni tí wọn kò tíì sunkún fún. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò sọ ìyẹn. Ìbéèrè ló bi í.

"O ṣì fẹ́ máa ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí mo bá ní n kò gbà ńkọ́?"

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó dákẹ́. Kò sí ẹni tí Ìyá Àgbà bi ní irú ìbéèrè yẹn nílé wa tó dáhùn rí. Orí la máa ń tẹ̀ba. Àjọkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀.

"N óò bẹ̀ yín," ló wí. "Bí ẹ kò bá gbà, n óò tún bẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá wá gbà rárá, n óò ṣe é, ẹ ó sì bínú."

Ìyá mi ní, "Àjọkẹ́," ó sì fà á láṣọ. Ìyàwó Kékeré bo ẹnu. Ìyá Àgbà wo ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ́, ó wò ó bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà tó ti rò pé òun mọ ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí ìyá mi.

"Ẹ wá gbọ́," ló wí. "Ohun tí ìyàwó ọba yẹn ìbá ti sọ nìyẹn."